Nígbà tí Búráúsà Kan Kò Tó

Ní nǹkan bí ọdún 1996, búráúsà Netscape lè mú kí lẹ́tà máa ṣẹ́jú pàkàpàkà. Internet Explorer, búráúsà Microsoft, ní tirẹ̀ ń mú kí ọ̀rọ̀ máa sáré kọjá lójú ìwé. Àrà ẹnì kìíní kì í ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi kó méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Microsoft wá fi tirẹ̀ sínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Netscape rọ.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2010, búráúsà 12 tò sórí Windows lọ́hùn-ún kí oníkálùkù mú èyí tó wù ú. Nígbà tí àǹfààní yìí pòórá lórí kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 15, Microsoft san ìtanràn 561 mílíọ̀nù yúrò ní 2013.