Sáńpépà, Omi àti Pépà Téèpù: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Tún Ojú Ọkọ̀ Ṣe

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òkúta wẹ́wẹ́ kan ta láti abẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ó sì ba bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bàbá mi. Ojú ibẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì lọ. Àbúrò bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ pẹ́ńtà ọkọ̀, ní kí wọ́n gbé e wá kí àwọn fi ọ̀dà díẹ̀ dí i. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé torí èyí náà ni mo ṣe máa náwó?" Òjò ọdún méjì rọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé ọkọ̀ náà lọ, ọ̀dà ti ṣí yí ibẹ̀ ká, ìpẹtà ti jẹ irin, ìka mi sì lè wọ inú ihò náà. Iṣẹ́ kékeré ti di iṣẹ́ páńẹ́lì bítà. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ọjọ́ tí mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni mo rí nǹkan mẹ́ta nílẹ̀: sáńpépà tó wà nínú omi, pépà téèpù, àti ọ̀dà tó ń tètè gbẹ. Mo béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣe wọ́n. Àbúrò bàbá mi ní, "Bá a ṣe bá a nìyẹn." Ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé. Mo rí i pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, láàárín ọdún 1921 sí 1925.

Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí wọ́n ṣe ń kun kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n ń kun ún. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kun ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dúró kó gbẹ, wọ́n á ha á kó dán, kí wọ́n tó tún un kun. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè lọ sórí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Henry Ford tilẹ̀ fi àwọ̀ dúdú nìkan kun ọkọ̀ Model T láti 1914 títí di 1925, nítorí pé ọ̀dà dúdú náà kò wọ́n, ó sì lágbára. Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ DuPont gbé ọ̀dà kan jáde tí wọ́n pè ní Duco. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ́n ọn, wákàtí díẹ̀ ló sì fi ń gbẹ. General Motors fi kun ọkọ̀ Oakland ti ọdún 1924 ní àwọ̀ búlúù.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kíkun ọkọ̀ ní ọ̀tá kan, eruku ni. Òjé wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà náà, májèlé sì ni òjé. Bí pẹ́ńtà bá ń fi sáńpépà gbígbẹ ha ọ̀dà, eruku olóró náà á máa wọ imú àti ẹnu rẹ̀. Omi ìbá pa eruku náà, àmọ́ omi máa ń ba sáńpépà jẹ́: gílúù rẹ̀ á yọ́, iyanrìn ara rẹ̀ á sì ṣí dànù.

Ní 1920, lẹ́tà kan dé ilé iṣẹ́ kan ní Minnesota, èyí tí a mọ̀ sí 3M lónìí. Francis Okie, tó ń ṣe yíǹkì ìtẹ̀wé ní Philadelphia, ló kọ ọ́. Ó ní kí wọ́n fi díẹ̀ lára iyanrìn tí wọ́n fi ń ṣe sáńpépà ránṣẹ́ sí òun. William McKnight, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀, kò sọ lẹ́tà náà nù. Ó fẹ́ mọ ohun tí oníyíǹkì fẹ́ fi iyanrìn ṣe. Bí wọ́n ṣe gbọ́ nìyẹn pé Okie ti ṣe sáńpépà tí omi kò lè bà jẹ́. Wọ́n ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 1921.

Sáńpépà yìí ló bí èkejì. Ní 1923, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Drew gbé e lọ fún àwọn pẹ́ńtà ní ìlú St. Paul kí wọ́n dán an wò. Ó bá wọn nínú ìbínú. Ọkọ̀ aláwọ̀ méjì ló lòde nígbà náà. Wọ́n á fi gílúù lẹ ìwé mọ́ apá kan kí wọ́n tó kun apá kejì, bí wọ́n bá sì ṣí ìwé náà, á bọ́ ọ̀dà tuntun dání. Drew ṣèlérí pé òun á wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó padà sídìí iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, kò gbọ́. Ní 1925, pépà téèpù jáde.

Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Bí ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ nílẹ̀ wa ni iṣẹ́ àwọn pẹ́ńtà ń pọ̀. Títí dòní, gbogbo ọ̀dà ara ọkọ̀ tuntun, láti ti ìsàlẹ̀ dé èyí tó ń dán lókè, kò nípọn púpọ̀. Ìdí nìyí tí òkúta kan ṣoṣo fi lè là á já dé irin.

Àbúrò bàbá mi fi bí a ṣe ń tún un ṣe hàn mí. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò pátápátá. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára ọkọ̀, wọ́n po ọ̀dà tó bá a mu, wọ́n sì ń fi í díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ń dán ló kẹ́yìn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ dáadáa, wọ́n fi sáńpépà kíkúnná àti omi ha á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ iṣẹ́ kan tí kò jù mí lọ ń fi sáńpépà gbígbẹ ha ọ̀dà ọkọ̀ àtijọ́ kan. Eruku bo ojú rẹ̀, kò fi nǹkan kan bo imú. Ó ń wúkọ́. Àbúrò bàbá mi náà ń wúkọ́, ó sì ti pẹ́. Nígbà tí mo padà lọ, mo ka ìtàn Okie fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kó má bàa pẹ́ ni mo ṣe ń lo omi. Ọ̀gá mi ò sọ fún mi rí pé torí ẹ̀mí ni." Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń ha ọ̀dà ní gbígbẹ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn àtè tí wọ́n fi ń dí ihò, tí kò fẹ́ omi, ni wọ́n ń ha ní gbígbẹ, wọ́n sì ti ra ìbomú fún àwọn ọmọ iṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, kì í ṣe ogun àti oyè ọba nìkan ni ìtàn. Irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa ní ìtàn, ìtàn náà sì ní ìdí. Ẹni tó gba irinṣẹ́ tí kò gba ìdí rẹ̀ lè tún kó sínú ewu tí àwọn mìíràn ti yọ nínú rẹ̀ láti ọdún 1921.