Ta Ni Yóò San Owó Ìdọ̀tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀?

Ẹni tí a bá yan ẹbọ fún ní í rú u. A kì í mú ewúrẹ́ aládùúgbò ṣe ètùtù ilé ẹni. Ojú yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi bá wa wo ìtàn òfin ààbò àyíká ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, àdúgbò méjì tó fara kanra ní Èkó.

Ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó. Nígbà tó di 1928, ìjọba òyìnbó dá àjọ LEDB sílẹ̀ láti wó àwọn ibi tí wọ́n ní ó léwu fún ìlera, kí wọ́n sì tún un kọ́. Èbúté Àpápá ti ń ṣiṣẹ́ láti 1926. LEDB yìí kan náà ló wá gé ilẹ̀ Àpápá sí púlọ́ọ̀tì, ilé gbígbé lọ́tọ̀, ilé iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ru ẹrù ní wáàfù ńkọ́? Níbo ni kí wọ́n sùn? Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kọrí sí, lórí ilẹ̀ àbàtà tí kò sẹ́ni tó bá wọn la ojú gọ́tà sí. Orúkọ àdúgbò náà dára o. Àmọ́ èbúté ni ajé gúnlẹ̀ sí. Ìdọ̀tí ló ya sọ́dọ̀ tiwọn.

Ó di 1988 kí Nàìjíríà tó ní àjọ tó ń bójú tó àyíká, ọ̀rọ̀ Koko ló sì fà á. Èbúté kékeré ni Koko, ní ìpínlẹ̀ Delta òní. Láti Ítálì ni wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá pàǹtí olóró wá tò sí àgbàlá ẹnì kan níbẹ̀, nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù sì ni wọ́n ń san fún un. Ẹ gbọ́ ná, 100 dọ́là! Nígbà tí àṣírí tú, dandan ni Ítálì kó ẹrù rẹ̀. Ọkọ̀ Karin B gbé e, ó ń káàkiri etí òkun Yúróòpù, ìlú kan lé e, òmíràn lé e. Ọdún náà ni ìjọba Babangida ṣe òfin 42, tó fi ẹ̀wọ̀n gbére de ẹni tó bá kó irú rẹ̀ wọlé, àti òfin 58, tó dá FEPA sílẹ̀. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí àyíká, tó jáde ní 1989 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1999, wá gbé e kalẹ̀ pé ẹni tó bá ba àyíká jẹ́ ni kó san owó àtúnṣe.

Ìlànà tó dára nìyẹn. Ta ló wá ń san án?

Láti ayé WAI ti Buhari àti Ìdíàgbọn, títí Èkó fi dá a dúró ní 2016, wọ́n á sé ìlú mọ́lé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kí a lè gbálẹ̀. Wọ́n á kó ẹrẹ̀ gọ́tà sétí ọ̀nà, òjò á tún gbá a padà. Ìyá alákàrà ti pàdánù ọjà òwúrọ̀ tirẹ̀.

Èyí tó tún wá wúwo ju ti alákàrà lọ ni ti Badia, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ajégúnlẹ̀. Ní 1973, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ènìyàn kúrò níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ National Theatre sí ní Ìgànmú, wọ́n sì kó wọn lọ sí Badia. Ní 2006, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún Èkó, wọ́n ní wọn yóò fi tún àdúgbò 9 ṣe pẹ̀lú. Ajégúnlẹ̀ àti Badia wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2013, katakata wọ Badia East. Ìjọba kọ́kọ́ sọ pé ààtàn lásán ni ibẹ̀. Nígbà tí owó ìrànwọ́ yóò fi dé ọwọ́ àwọn tó ń gbé orí "ààtàn" náà, ilé wọn ti wó lulẹ̀ tipẹ́.