Sabon Zongo àti Korle Bu: Kí ló dé tí àwọn tó ń to eegun àti àwọn dókítà eegun kò tíì jọ jókòó?

Bí èèyàn bá kúrò ní àdúgbò Sabon Zongo nílùú Accra, kò ní rìn jìnnà kó tó dé Korle Bu, ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi jù lọ lórílẹ̀èdè Ghana.

Àmọ́ fún ẹni tí okada gbá, tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́, ọ̀rọ̀ lè máà rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí á ní kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà. Àwọn mìíràn á fárí gá pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, wọ́n á gé e lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun.

(Bẹ́ẹ̀ ni, okada náà ni wọ́n ń pè é ní Accra. Orúkọ náà sọdá ẹnubodè láti Nàìjíríà.)

Àríyànjiyàn yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tó ń gbé Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí Kútọnu. Àwa ń pe onímọ̀ náà ní teegunteegun. Hausa, tó jẹ́ èdè tí wọ́n ń sọ jù ní Sabon Zongo, ń pè é ní madori.

Ìlú tuntun fún àwọn àlejò

Zongo ni ibùdó tí àwọn oníṣòwò tó ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń sọ̀kalẹ̀ sí. "Sabon" túmọ̀ sí tuntun. Ní ọdún 1908, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Accra, ìjọba amúnisìn sì fẹ́ kí àwọn èèyàn tú ká kúrò láàrin ìlú tó ti há gádígádí. Láàrin àwọn ọdún yẹn ni Malam Bako, tó jẹ́ Hausa, kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ tẹ ibùdó tuntun dó sí ìta ìlú.

Hausa nìkan kọ́ ni àlejò tó wà ní Accra nígbà náà. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé Lagos Town ni wọ́n ń pe àdúgbò tó ń jẹ́ Accra New Town lónìí.

Lọ́jọ́ 9, oṣù Kẹwàá, ọdún 1923, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn Korle Bu. Gómìnà Gordon Guggisberg ló wà nídìí iṣẹ́ náà, ẹni tó ti ṣe olórí àwọn awọnlẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà kó tó di gómìnà Gold Coast. Ìbùsùn 200 ló ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ti wà, àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun. Ọdún 1962 ni Ghana tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tirẹ̀ sílẹ̀, ọdún 1969 sì ni àwọn dókítà àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kọkànlá, ni ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò ní Ghana. Àwọn ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ṣakí àti Ìlọrin di ẹrù wọn, wọ́n padà sílé. Bí Ghana ṣe ń yọ̀ pé òun ti ní dókítà tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ìbá jẹ́ aláìsàn wọn ń sunkún lọ.

Ogun ló bí Igbobi

Ní Èkó, ogun àgbáyé kejì ló ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà àti ti Gold Coast jọ jà ní Burma, ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́. Ní ọdún 1943, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Igbobi fún ìtọ́jú àwọn tó fara pa lójú ogun. Ọdún 1945 ló di ilé ìwòsàn eegun.

Ọdún 1945 náà ni àwọn onífisiotẹ́rápì méjì dé láti Britain, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà níṣẹ́. Fásitì Ìbàdàn wá gbé ẹ̀kọ́ náà dé ipò dìgírì ní ọdún 1966.

Ìbàdàn náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ wa ti pàdé ní oṣù Kejìlá ọdún 1960, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹgbẹ́ náà di kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún 1973. Láti ìgbà náà, dókítà Accra àti ti Èkó lè ṣe ìdánwò kan náà láti di oníṣẹ́ abẹ eegun, láìdé London.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oheneba Boachie-Adjei, ọmọ Ghana tó di ìlúmọ̀ọ́ká oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ní New York, dá àjọ FOCOS sílẹ̀ ní ọdún 1998. Ilé ìwòsàn àjọ náà ní Pantang, lẹ́yìn odi Accra, ṣí ní ọdún 2012, wọ́n sì ń na ẹ̀yìn àwọn ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn wọ́ níbẹ̀.

Adìẹ tó ń rìn

Gbogbo ìtẹ̀síwájú yìí kò lé teegunteegun nídìí iṣẹ́. Kí ló fà á?

Ìdí kan ni pé iṣẹ́ wọn máa ń jẹ́. Eegun ló ń wo ara rẹ̀ sàn: ẹ̀jẹ̀ á dì yí ibi tó ṣẹ́ ká, ó di kèrékèré rírọ̀, lẹ́yìn náà ó le. Bí ẹnì kan bá fa eegun náà tọ́, tó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ dè é kó má mì, tí awọ kò sì bẹ́, ó ṣeé ṣe kó jóná dáadáa.

Àwọn àgbà mìíràn tún máa ń ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n á so ó bí wọ́n ṣe so aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, aláìsàn náà lè gbìyànjú. Àwọn dókítà máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí. Èmi kì í rín in, nítorí ó fún aláìsàn ní ohun tí wọn kì í sábà fún un ní wọ́ọ̀dù: ohun tó lè fojú ara rẹ̀ wò, kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Àmọ́ ibi tó ti ń bà jẹ́ kò kéré. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ máa ń wú. Bí ìdè bá le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá, ẹran ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàrin wákàtí mélòó kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà ti kú kí wọ́n tó gbé wọn dé. Àwọn ará àdúgbò a wá ní dókítà ló gé e. Bí ìbẹ̀rù ṣe ń bí ara rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ ateegun tó di dókítà

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé idílé teegunteegun ni ìtọ́jú eegun àwọn òyìnbó ti fà wá pẹ̀lú. Evan Thomas, ọmọ Wales tó ń gbé Liverpool, jogún títo eegun lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Kò kàwé ìṣègùn. Ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin márààrún lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà.

Ọ̀kan nínú wọn, Hugh Owen Thomas, ló ṣe irin gígùn tí wọ́n fi ń de itan tó ṣẹ́. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Robert Jones, rí i pé irin náà dé ojú ogun, iye ọmọ ogun tí itan ṣíṣẹ́ ń pa sì dín kù gidigidi. Liverpool kan náà ni ọ̀pọ̀ dókítà eegun Nàìjíríà àti Ghana lọ kàwé sí nígbà tó yá.

Lójú tèmi, ibí yìí ni ọ̀nà tiwa ti yà. Bàbá òyìnbó náà àti ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí ìmọ̀ kan. Tiwa, ìjọba amúnisìn kọ́ ilé ìwòsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé teegunteegun, ó sì ṣe bíi pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Àwọn olùwádìí ti ń gbìyànjú àtúnṣe. Ní Ethiopia, ìwádìí tó jáde ní ọdún 2005 fi hàn pé lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan péré fún àwọn tó ń to eegun, iye ẹsẹ̀ àti apá tí wọ́n ń gé dín kù gan-an. Ní Nàìjíríà, Onuminya tẹ irú èsì bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Ní ọdún 2008, àwọn dókítà Ìbàdàn náà gbé ìlànà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jáde fún teegunteegun.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn kò gba ẹ̀rọ. Bí eegun bá yọ síta awọ, má fọwọ́ kàn án, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí o bá dì í, padà wá wò ó. Bí ìka bá tutù, tó dúdú, tàbí tí aláìsàn ní òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀, má dúró de ìlẹ̀ mọ́.