Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́: Ìtàn Ìlú àti Ààfin

Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ìlú etí ọ̀sà ní ìhà ìlà-oòrùn Èkó. Ẹja ni àwọn èrò fi mọ̀ ọ́n, Ọjà Olúwo sì ni ojúkò òwò ẹja náà lónìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọdẹ kan tí ó ti Ifẹ̀ wá, Húrákà ni orúkọ rẹ̀, ni ó tẹ ìlú náà dó. Ṣùgbọ́n ìpín méjì ni ìlú ọ̀hún ní: Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Èkó ṣe dé Ẹ̀pẹ́ ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọba tí ó pàdánù ààfin rẹ̀.

Ààfin náà ni Ìga Ìdúngánràn ní Èkó. Orí ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ oko ata Arómirẹ́ ni a kọ́ ọ sí, oko ata yìí ni a sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọdún 1845, nínú Ogun Olómirò, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè, arákùnrin bàbá rẹ̀, kúrò níbẹ̀, ó sì jọba. Òwò ẹrú gbilẹ̀ ní àkókò rẹ̀. Akítóyè bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wẹ̀. Àwọn náà ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ pa run, bẹ́ẹ̀ ni ojú wọn kò kúrò lára òwò epo pupa. Kòsọ́kọ́ lé wọn padà ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá, ọdún 1851. Nígbà tí wọ́n tún dé ní òpin oṣù kejìlá, àgbá wọn dáná sun apá kan ìlú, Kòsọ́kọ́ sì sá gba ọ̀nà omi lọ.

Awùjalẹ̀ ni ó fún un ní Ẹ̀pẹ́ láti máa gbé. Kì í ṣe òun nìkan ni ó dé: Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Pósù, àwọn ẹbí, àwọn ọmọ-ogun àti àwọn ẹrú. Bàyìí ni ìdajì ìlú kan ṣe bọ́ sí àárín ìlú mìíràn. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 1853, wọ́n ti Ẹ̀pẹ́ lọ kọlu Èkó, ṣùgbọ́n wọn kò rí i gbà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Ó gbà pé òun kì yóò bá Èkó jà mọ́, òun yóò sì fi òwò ẹrú sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Pálmà, wọ́n sì ní àwọn yóò máa san owó fún un lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn tí Dòsùnmú fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, ọdún 1861, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láyè láti padà wálé ní ọdún 1862. Kò tún fi ẹsẹ̀ tẹ Ìga Ìdúngánràn gẹ́gẹ́ bí ọba. Èrèkó ni ó ń gbé. Òṣòdì Tápà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ilẹ̀ ní erékùṣù Èkó, wọ́n pín in sí agbo ilé 21, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Bí Èkó ti wà ní Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀pẹ́ wà ní Èkó.

Ṣùgbọ́n Pósù kò bá wọn padà. Ó kọ̀ láti tẹrí ba fún ìjọba tuntun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbé ogun wá sí Ẹ̀pẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1863, wọ́n dáná sun ìlú. Iná tí ó lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó tẹ̀ lé e dé ilé ẹni tí ó gbà á lálejò, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ní ti Kòsọ́kọ́, ẹlòmíràn ni ó jogún ẹwà ààfin náà. Ó kú ní ọdún 1872, Ìga Èrèkó ni wọ́n sì sin ín sí. Síbẹ̀, ọdọọdún, lẹ́yìn Iléyá, ni àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń ṣe ọdún Káyó-Káyó ní ìrántí bíbọ̀ rẹ̀. Ọba tí kò rí ààfin rẹ̀ gbà padà fi àdúgbò méjì sílẹ̀, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan ní Èkó. Àwọn tí wọ́n sì tẹ̀ lé e, àti ẹrú àti ọmọ, ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ.