Fèrè Àlùfáà àti Fìtílà Abilékọ

Ní ìlànà àwọn Júù, alẹ́ ni ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òwúrọ̀. Orí kìn-ín-ní Ìwé Gẹ́nẹ́sísì ni wọ́n dì mú, níbi tí ìtàn ìṣẹ̀dá ti dárúkọ àṣálẹ́ ṣáájú òwúrọ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé alẹ́ ọjọ́ tí a bá rí oṣù ni Ramadan ti wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ Adventist tó wà láàárín wa ń ti ìwọ̀ oòrùn ọjọ́ Ẹtì ka Ọjọ́ Ìsinmi tiwọn. Ṣùgbọ́n ìlànà yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gànjọ́ òru ni ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀, aago ni yóò sọ ọ́, kò sì ní sí àríyànjiyàn. Oòrùn kì í ṣe aago. Díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń lọ, kò sì sí ẹni tó lè fi ìka tọ́ ibi tí ọ̀sán parí sí. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kéré, nítorí Ìwé Ẹ́kísódù ka dídá iná ní ọjọ́ náà léèwọ̀, ó sì fi ikú ṣe ìjìyà ẹni tó bá ṣiṣẹ́. Ta wá ni yóò sọ fún odidi ìlú pé ó tó, kí gbogbo ọwọ́ dúró?

Nígbà tí tẹ́ḿpìlì ṣì wà ní Jerúsálẹ́mù, àlùfáà ni. Josephus, òpìtàn Júù ọ̀rúndún kìn-ín-ní, sọ nínú ìwé tó kọ lórí ogun àwọn Júù pẹ̀lú Róòmù pé ibìkan wà lókè ilé àwọn àlùfáà tí ọ̀kan nínú wọn máa ń dúró sí láti fọn fèrè ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé Ọjọ́ Ìsinmi ń wọlé bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, yóò tún fọn ọ́ láti fi yé wọn pé iṣẹ́ ti yá. Josephus a máa bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n òkúta jẹ́rìí èyí. Ní 1968 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Mazar bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní ẹsẹ̀ ògiri òkè tẹ́ḿpìlì. Ní igun tó kọ sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, wọ́n rí òkúta ńlá kan tó ti òkè ògiri já bọ́, tí a fín ọ̀rọ̀ Hébérù sí lára pé ibi ìfọnfèrè nìyẹn. Òkúta náà ti kán, gbólóhùn ara rẹ̀ kò sì parí.

Tálímọ́dù ti Bábílónì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè náà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni. Èkíní wà fún àwọn tó wà lóko: wọn a dáwọ́ dúró, àwọn tí oko wọn wà nítòsí kò sì gbọdọ̀ wọ ìlú títí àwọn ará oko jíjìn yóò fi bá wọn, kí wọ́n lè jọ wọlé. Èkejì a dún, àwọn oníṣòwò a ti ìsọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìkòkò ṣì wà lórí iná. Ẹ̀kẹta a dún, wọn a sọ ìkòkò kalẹ̀, wọn a tan fìtílà. Lẹ́yìn èyí, afọnfèrè a dúró díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí ẹja kékeré kan fi lè yan jinná, kí ó tó fọn mẹ́ta ìkẹyìn, tí gbogbo ìlú yóò sì sinmi. Mo fẹ́ràn ẹja kékeré yìí. Ó fi hàn pé àwọn tó ṣòfin náà mọ ilé ìdáná. Wọ́n mọ̀ pé obìnrin kan yóò wà níbìkan tí oúnjẹ rẹ̀ kò tíì jinná, wọn kò sì fẹ́ kí òfin ká a mọ́ ìdí ààrò.

Ní ọdún 70, àwọn ọmọ ogun Róòmù jó tẹ́ḿpìlì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn Júù ń tú ká sí àwọn ilẹ̀ tí aláṣẹ ibẹ̀ kò ka Ọjọ́ Ìsinmi wọn sí. Fìtílà tó jẹ́ pé fèrè ló ń pàṣẹ títàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń ṣe iṣẹ́ fèrè fúnra rẹ̀. Míṣínà, àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu tí a parí ní nǹkan bí ọdún 200, ya odindi orí kan sọ́tọ̀ fún un: irú òwú tí a lè lò, irú òróró tí a lè bù sí i. Rábì Tarfon ní àfi òróró ólífì. Tálímọ́dù sọ pé Rábì Yohanan ben Nuri dìde dúró, ó sì bi í léèrè pé kí wá ni kí àwọn ará Bábílónì ṣe, tó jẹ́ pé òróró yànmọ̀tí nìkan ni wọ́n ní? Ẹni tó bèèrè irú ìbéèrè yìí ti mọ̀ pé òfin tí kò bá lè bá ènìyàn dé àjò yóò kú sílé.

Àwọn kan kò gbà pé ó yẹ kí iná kankan jó rárá. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, ní Bábílónì kan náà, Anan ben David kọ àṣẹ àwọn rábì sílẹ̀. Láti inú irú ìyapa báyìí ni ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Karaite ti jáde wá. Ìwé Mímọ́ nìkan ni wọ́n ní àwọn yóò tẹ̀lé, wọ́n sì túmọ̀ òfin iná sí pé iná kò gbọdọ̀ wà nínú ilé ní Ọjọ́ Ìsinmi, ìbáà jẹ́ pé láti ọ̀sán Ẹtì ni a ti tan án. Inú òkùnkùn ni wọ́n ń jókòó sí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé èyí ló mú kí àwọn rábì fi àdúrà ìbùkún kan ti fìtílà lẹ́yìn, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó pa á láṣẹ pé kí a tàn án. Ó wà nínú ìwé àdúrà Amram Gaon ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ibi tí Ìwé Mósè ti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀! Láti ìgbà náà, ẹni tó bá kọjá lójú pópó lálẹ́ Ẹtì lè fi fèrèsé mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rábì. Ó tó nǹkan bí 700 ọdún kí Elijah Bashyatchi, aṣáájú àwọn Karaite ní Constantinople, tó fara mọ́ ọn pé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa tan fìtílà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn mìíràn nínú wọn kò gbà fún un.

Obìnrin ni òfin yìí kọ́kọ́ kàn. Bí kò bá sí obìnrin nílé, ọkùnrin a tàn án, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abilékọ ni. Láàárín àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é jọ mí lójú. Ó yẹ kí ìbùkún ṣáájú ohun tí a fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ti súre tán, Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé fún un, kò sì lè ṣáná mọ́. Nítorí náà a tan àbẹ́là méjèèjì, a fi ọwọ́ bo ojú, a súre, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíjú wo iná náà bí ẹni pé ìgbà náà ló tàn. Oòrùn kò tíì wọ̀. Ìṣẹ́jú 18 ló sábà máa ń kù. Ní Jerúsálẹ́mù, 40 ni àṣà wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló sọ àkókò náà di mímọ́ fún un, níbi tó jẹ́ pé àlùfáà ló ń sọ ọ́ láyé àtijọ́ lókè òrùlé.

Nígbà tí ìjọba Spéènì àti ti Potogí fi agbára sọ àwọn Júù di Kìrìsìtẹ́nì, fìtílà yìí di ohun tó lè pa ènìyàn. Nínú ìkéde tí àwọn onídàájọ́ Ìjọ ń kà sétí àwọn ará ìlú, títan àbẹ́là nírọ̀lẹ́ Ẹtì wà lára àmì tí aládùúgbò gbọ́dọ̀ wá fi sùn. Síbẹ̀, nígbà tí Samuel Schwarz dé ìlú Belmonte ní Potogí ní 1917, ó bá àwọn ìdílé tí wọ́n ṣì ń tan fìtílà Ẹtì níkọ̀kọ̀. Wọn kò ní rábì, wọn kò mọ èdè Hébérù mọ́. Àwọn ìyá àgbà ló há àdúrà sórí.

Ìjáde ọjọ́ náà ńkọ́? Ìràwọ̀ mẹ́ta ni Tálímọ́dù ní kí a wò. Ìràwọ̀ kan, ọ̀sán ni. Méjì, iyèméjì ni. Mẹ́ta, òru ti dé. Ní ti àkókò iyèméjì yẹn, Rábì Yose ní kò ju ìṣẹ́jú àáyá lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó gùn jù bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Rábì Jacob ben Meir ti ilẹ̀ Faransé, ọmọ-ọmọ Rashi, sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú 72 lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn, àwọn kan sì ń dúró dì í títí di òní. Gbogbo wọn ló fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan: a ń bù lára ọjọ́ iṣẹ́ kún ti Ọlọ́run, ní ìwọlé àti ní ìjáde. Bí àkókò bá tó, wọn a bu wáìnì, wọn a gbóòórùn kànáfùrù tàbí èròjà olóòórùn dídùn mìíràn, wọn a tan àbẹ́là tí a di bí irun, wọn a na ìka sí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Iná tí a kọ̀ láti dá láti àná, òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìyàtọ̀ tó wà nínú àkókò tí oòrùn ń wọ̀ láàárín ọdún kò tó wákàtí kan, nítorí náà ó lè ṣòro fún wa láti mọ ohun tí èyí ń ná ẹlòmíràn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú oṣù Kejìlá, oòrùn a máa wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, òṣìṣẹ́ Júù sì ní láti tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́sàn-án Ẹtì. Nínú oṣù Kẹfà ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ń gba Ọjọ́ Ìsinmi wọlé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ alẹ́ jẹ. Ní alẹ́ Sátidé, aago mẹ́wàá a kọjá kí ìràwọ̀ kẹta tó yọ, àwọn ọmọ náà a sì ti sùn lọ.