Pèrègún àti Òdòdó Iwájú Ilé: Ìtàn Ohun Ọ̀gbìn Tí Í Pẹ́ ní Àgbàlá Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ ní ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé kan láàárín wa, pé Yorùbá kì í gbin òdòdó sí ilé, pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa ní àṣà náà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹwà ọgbà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, à bá gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ ọ́ a máa fi kún un pé àgbàlá wa kò ní ìtàn, pé ohun tí ó bá ṣáà ti hù ni ó ń hù níbẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò, kí á sì fi mọ sí orí ohun ọ̀gbìn tí í pẹ́ láyé, èyí tí a gbìn lẹ́ẹ̀kan tí ó ń rúwé tí ó sì ń tanná fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé a tún un gbìn.

Ẹ jẹ́ kí á ti orí èdè bẹ̀rẹ̀. Òdòdó kì í ṣe orúkọ ohun tí igi ń yọ nìkan. Ó tún jẹ́ orúkọ àwọ̀ pupa fòò. Nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe òpómúléró títúmọ̀ rẹ̀, òdòdó dúró fún àwọ̀ yìí àti fún aṣọ aláwọ̀ náà. Ìtànná ni ti igi àti ti koríko. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a sì fi ń sọ pé igi tanná àti pé ènìyàn tanná nínú ilé. Ẹni tí kò fi ojú sí òdòdó kì í fi fìtílà wé e.

Ti pèrègún ni ó ṣe kókó jù. Kò ṣòro láti gbìn: a gé igi rẹ̀, a rì í mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó sì ta gbòǹgbò. Bí a bá bẹ́ ẹ lórí, ẹ̀ka tuntun a yọ láti ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi fi í ṣe ààlà oko àti ti ilé, tí wọ́n sì gbìn ín sí ojúbọ Ògún àti sí ibi gbogbo tí wọn kò fẹ́ kí ó pa rẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni pé pèrègún náà a máa tanná. Kì í ṣe lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n bí àkókò bá tó, ìdì òdòdó funfun wẹ́wẹ́ ni í yọ, a máa ṣí ní àṣálẹ́, òórùn dídùn rẹ̀ a sì gba gbogbo àgbàlá. Òórùn yìí ni Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, wò tí ó fi sọ ọ́ ní fragrans ní 1762, èyí tí í ṣe olóòórùn dídùn ní èdè Látìnì. Síbẹ̀, bí a bá bi onílé léèrè òdòdó tí ó ní, kò ní ka pèrègún mọ́ ọn. Akòko pẹ̀lú ń bẹ, tí a fi ewé rẹ̀ ń joyè, tí òdòdó rẹ̀ sì fẹ́ jọ elésè àlùkò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ akòko tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́tọ̀.

Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò gbàgbé àwọn igi wọ̀nyí. Ní Bahia, nínú àgbàlá ilé ẹ̀sìn Candomblé, peregun àti acocô ni wọ́n ń pè wọ́n títí di òní. Láti Brazil kan náà ni òdòdó tí ó gbajúmọ̀ ní ara ògiri wa ti wá. Ní 1767, nígbà tí ọkọ̀ Bougainville, ará Faransé, gúnlẹ̀ sí Rio de Janeiro, Philibert Commerson tí ó mọ̀ nípa ewéko rí igi ẹlẹ́gùn-ún kan níbẹ̀, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ni ó sì fi sọ ọ́. Bougainvillea nìyẹn. Ohun tí ó pọ́n lára rẹ̀ tí à ń wò kì í ṣe òdòdó rárá. Ewé ni, òdòdó gan-an ni kékeré tí ó wà láàárín. Èyí ni a ń pè ní òdòdó, tí a ń pe pèrègún ní ewé!

Tannáposó náà ti Amẹ́ríkà wá. Ìrọ̀lẹ́ ni í ṣí, a sì pa ojú dé ní òwúrọ̀. Ó ní iṣu lábẹ́ ilẹ̀, nítorí náà bí ẹ̀ẹ̀rùn bá pa ewé rẹ̀, òjò a tún jí i. Àlejò ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá. Ìtànná wà nínú orúkọ náà gbangba.

Kí wá ni àwọn òyìnbó mú wá? Ní 1887, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ gómìnà Èkó, ìjọba dá ọgbà ewéko sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Ohun ọ̀gbìn tí a lè tà, bíi kòkó, kọfí àti rọ́bà, ni ó jẹ wọ́n lógún níbẹ̀. Òdòdó ní tirẹ̀ bá ilé míṣọ́n àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rìn, àwọn ilé tí ó dá dúró láàárín ọgbà, tí iwájú wọn kọjú sí títì. Agboolé tiwa kọjú sí inú ara rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ìfẹ́ ẹwà ni a kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìrísí ilé ni ó yí padà, ohun ọ̀gbìn sì kúrò ní ẹ̀bá ààlà àti ojúbọ, ó bọ́ sí iwájú ilé níbi tí ará ìta yóò ti rí i.

Lónìí, a ń fi sìmẹ́ńtì bo àgbàlá, àwọn mìíràn sì ń hú pèrègún nítorí pé ó rán wọn létí ojúbọ. Síbẹ̀ nínú ẹjọ́ ilẹ̀, ẹlẹ́rìí ṣì ń sọ fún adájọ́ pé láti ìdí pèrègún kan dé òmíràn ni ilẹ̀ baba òun. Bí kóòtù bá lọ wo ibẹ̀ tí a ti hú u, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó kù.