Pápá Tí Wọ́n Ti Ń Kan Ọkọ̀

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìlú kékeré kan wà létí odò Svir, ní àríwá Rọ́ṣíà, Lodeynoye Pole lorúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Pápá Ọkọ̀. Ẹ máa rò pé títí dòní ni wọ́n ń kan ọkọ̀ ogun ńbẹ̀, àbí? Rárá o! Láti 1830 ni wọ́n ti ti ibi ìkan-ọkọ̀ náà pa.

Ogun ló bí i. Ní 1700, ọba Peter Kìíní gbógun ti Sweden, torí ó ń wá ọ̀nà dé òkun Baltic. Ṣùgbọ́n kò ní ọkọ̀ ogun lójú òkun ọ̀hún, Sweden ló gba etí omi. Kí ló wá ṣe? Ó yà sínú igbó! Igi pọ̀ létí Svir, odò náà sì ń ṣàn wọ adágún Ladoga, láti Ladoga ni odò Neva ti ń lọ sókun. Omi fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ọkọ̀ lọ. Ní 1702 iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1703 wọ́n ti Shtandart, ọkọ̀ oníbọn àgbá 28, sómi, ọba fúnra rẹ̀ sì ṣe ọ̀gá ọkọ̀ títí dé Saint Petersburg tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ dó.

Ta ló wá gbé àáké o? Àwọn àgbẹ̀ ni, tálákà tí ìjọba fi tipátipá kó láti abúlé wọn. Nínú òtútù àti ebi, àwọn kan sá lọ, àwọn mìíràn kú síbẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kan ọkọ̀ Mirny ní 1818. Lazarev ló jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Òun àti Bellingshausen, tó wà nínú Vostok, jọ lọ sí ìsàlẹ̀ ayé, wọ́n sì rí yìnyín etí Antarctica ní January 1820. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ibi tó bí Mirny kógbá wọlé. Saint Petersburg ti ní ibi ìkan-ọkọ̀ tirẹ̀ láti 1704. Ọmọ ti dàgbà, kò wojú ìyá mọ́.

Ẹ wo máàpù ayé: Òkun Bellingshausen wà ńbẹ̀, Òkun Lazarev náà wà. Mi ò rí òkun tí wọ́n fi sọrí káfíńtà kankan. Ṣùgbọ́n Pápá Ọkọ̀ kì í ṣe orúkọ ọba, kì í ṣe orúkọ ọ̀gá ọkọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aláàáké ni wọ́n fi pe ìlú náà. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan ni sàréè tí wọ́n ní tó ní àkọlé.